Ìbọn Mi, Ọ̀bẹ Ẹ̀gbọ́n Mi, àti Ọ̀yà Ìyá Àgbà

Nílé wa ní Tafo, ní ilẹ̀ Àṣáńtì ní Gánà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ da oorun ọ̀sán gbogbo agboolé rú, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa bi wá: bí Ọlọ́run bá gbé ọ jù sí àárín igbó kìjikìji, tó ní nǹkan kan ṣoṣo ni kí o mú dání, ṣé ìbọn lo máa mú àbí ọ̀bẹ? Kíá, ariwo á ti sọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jẹ́ olórí ìjà náà. Ìbọn ni tèmi, ọ̀bẹ ni tirẹ̀. A kì í gbà fún ara wa, bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì kò gbé inú igbó rí láyé wa.

Ìdí wà tí oníkálukú fi di tirẹ̀ mú. Ẹ̀gbọ́n mi ń rọ irin ní Suame, ní Mágásíìnì, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ń ta bóòtì àti nọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú sípíríìnì ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ló ti rọ ọ̀bẹ kan jáde, ó fi ìwo màlúù ṣe èkù rẹ̀, ó rán àkọ̀ aláwọ fún un. Ó máa ń fi fá irun apá ara rẹ̀ lójú mi kí n lè rí bó ṣe mú tó. Ní tèmi, bàbá wa àgbà ló kọ́ mi ní ìbọn yíyìn nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ń lé ẹyẹ lóko rẹ̀. Ìbọn ṣakabùlà tó gbé láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí ilẹ̀ Àṣáńtì nígbà tó ń ṣòwò obì ni. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, orí ògiri iyàrá Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Bí mo bá wọlé lọ kí Ìyá Àgbà láàárọ̀, mo máa ń jí ìbọn náà wò kí n tó kúnlẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, bí ẹkùn bá yọ sí yín ńkọ́?" ni mo máa ń bi í. "Ṣé ẹ máa ní kó dúró kí ẹ fá a nírun ni?"

"Bí ẹ̀tù bá tán nínú tìrẹ ńkọ́?" lòun náà á dá mi lóhùn. "Ṣé o máa fi ìdí ìbọn bó iṣu ni?"

Ìyá Àgbà kì í dá sí i. Yóò jókòó sórí ẹní rẹ̀, yóò máa fa tẹ̀sùbáà. Bí a bá gbé ẹjọ́ lọ bá a pé kó dá a fún wa, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ lọ bi ẹran." A máa rẹ́rìn-ín, a rò pé ó ń fi wá ṣeré ni.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ìyàn ńlá tí igbó jó káàkiri Gánà, nígbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun yó padà, ni ibà dá Ìyá Àgbà wólẹ̀. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ṣí sí oúnjẹ. Ìyá wa se ẹ̀kọ, ó se ìrẹsì, ó se ọbẹ̀ ẹja, ó gún fùfú tó rọ̀ bí òwú. Ìyá Àgbà á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á sì ti àwo náà sẹ́yìn. Dókítà ní àìsàn ti kúrò lára rẹ̀, oúnjẹ ló kù, bí kò bá sì jẹun, òun kò mọ ohun tí òun tún lè ṣe. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Obìnrin tó ń fi ọwọ́ kan gbé garawa omi sórí nígbà tí mo wà lọ́mọdé ti wá fúyẹ́ débi pé èmi nìkan ni mò ń gbé e lọ balùwẹ̀.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń fi ọ̀rá pa á lẹ́sẹ̀, ló bá la ojú, ó ní: "Ọ̀yà ni ọkàn mi ń fẹ́."

Mo fò dìde! Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ da ọ̀rá nù. Ọ̀yà? Ọ̀yà tí wọ́n ń tà ní gbogbo ọjà, tí àwọn Àṣáńtì ń pè ní akrantie, tí wọ́n ń yan sójú títì? Mo ti ń wá gèlè mi kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Ọ̀yà wo? Èyí tí ta ló dúńbú?"

Ibẹ̀ ni mo ti dúró. Mùsùlùmí ni wá, Ìyá Àgbà kò sì fi ọ̀rọ̀ ẹran ṣeré. Bí ẹran ti wù kó sanra tó, àfi kí ọ̀bẹ bá a lọ́fun nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹni tó di ọ̀bẹ mú kọ ojú ẹran sí gábàsì, níhà ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ó sì ṣe bísímílà. Èyí tó bá ti kú kí ọ̀bẹ tó dé, òkúǹbete ni, kò wọ ẹnu rẹ̀. Ọ̀yà ọjà sì rèé, ìbọn ló pa òmíràn, pàkúté ló pa òmíràn, ta ló mọ ìgbà tí ẹ̀mí bọ́ lára rẹ̀? Kò sì sẹ́ni tó ń tà á láàyè nígbà náà.

Ohun mìíràn tún wà. Nílé wa, obìnrin kì í dúńbú ẹran. Adìẹ lásán, bí kò bá sí ọkùnrin nílé, èmi ni wọ́n máa ń rán pé kí n gbé e lọ sí agboolé kejì, kí ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù wá fi ọ̀bẹ tí ìyá rẹ̀ fi ń gé àlùbọ́sà pa á fún mi. Ó máa ń bí mi nínú débi pé adìẹ náà á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń rán mi.

"A máa lọ pa á fúnra wa," ni mo wí fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo sáré dé Mágásíìnì. Ó ju òòlù sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn.

"Walahi?"

"Walahi! Ìbọn wà, ọ̀bẹ wà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké."

Ìyá wa gbé ọwọ́ lérí. Ó ní àwọn wo ló ń lọ sígbó, ṣé àwa tí a kò rí ọ̀yà láàyè rí? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí òun gbé ìbọn àti ọ̀bẹ, kí n kàn máa tẹ̀lé òun. Mo ní rárá o! Láti ọjọ́ tí a ti ń jiyàn, ọjọ́ ìdánwò rèé. Ẹni tó yan ọ̀bẹ, kó di ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó yan ìbọn, kó gbé ìbọn rẹ̀. Ìyá wa tiẹ̀ na ọ̀bẹ ìdáná sí mi pé kí n fi há ìbàdí, mo kọ̀ ọ́. Kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí mi fi ṣe yẹ̀yẹ́? Kí ó ní ìbọn kò tó mi? Mo kúnlẹ̀ tọrọ ìbọn lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ó fi orí sọ pé kí n gbé e. Ìwo ẹ̀tù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń jáde, ó wò mí títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ kejì ni a wọ ọkọ̀, mo fi ẹní ká ìbọn. A dé ibi tí àwọn ṣójà gbé igi dábùú ọ̀nà, wọ́n ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ tú ẹní mi.

"Ɛdeɛn ni?" Ìyẹn ni pé, kí lèyí?

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń làágùn. Mo fi Twi, èdè Àṣáńtì, ṣàlàyé pé ìyá wa àgbà kò jẹun, pé akrantie ló ń fẹ́, pé kò sì lè jẹ ti ọjà. Ṣójà náà wo ìbọn, ó wo èmi, ó tún wo ìbọn. "Wo?" ó ní. Ìwọ? Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe èkejì rẹ̀ kó wá wo obìnrin tó ń lọ ṣọdẹ. Ó ní ìyá àgbà tòun náà wà nílé, bí kò bá rí akrantie lọ́jọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tó máa sùn. "Kɔ! Kɔ!" ó ní, pé ká máa lọ, ṣùgbọ́n ká fi han òun bí a bá ń bọ̀. Gbogbo ọkọ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo wọlé padà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ bàbá wa àgbà kan ni a lọ, àgbẹ̀ Àṣáńtì tó ti ń ta obì fún un láti ìgbà èwe àwọn méjèèjì. Abúlé rẹ̀ wà létí igbó. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè bá wa wọgbó mọ́, àmọ́ ó mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ inú iyàrá rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn oko kòkó òun, níbi tí iná jó lọ́dún ìyàn, koríko gíga ti hù bo ibẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀yà ti ń jẹ̀. Ó nawọ́ sí odò kékeré kan. Ó ní láti ibi tí oòrùn ti ń yọ ni odò yìí ti ń ṣàn bọ̀, bí a bá sọnù, ká ṣáà ti wá odò, yóò mú wa bọ̀ sí ẹ̀yìn ilé òun.

Ìgbà náà ló wá rí i pé èmi ni ìbọn wà léjìká mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri.

"Ɔbaa tɔ tuo a, ɛtwere ɔbarima dan mu," ó ní. Òwe wọn ni: obìnrin ìbáà ra ìbọn, iyàrá ọkùnrin ló máa fara ti ògiri.

Ara mi gbóná. "Agya," mo dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá, "èyí kò ní í fara ti ògiri ẹnì kankan lónìí."

"Yoo," ó ní, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "A ó rí i."

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí inú mi ṣe dùn tó bí a ti wọ inú igbó yẹn. Gbogbo nǹkan ló ń rùn tútù. Ẹyẹ ń ké lókè tí n kò lè rí. Mo gbé ìbọn bí bàbá wa àgbà ṣe máa ń gbé e, mo sì ń dọ́gbọ́n rìn bíi tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níwájú, ó ń fi ọ̀bẹ bẹ́ okùn àti ẹ̀gún tó dí ọ̀nà. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Me nua, àbúrò mi, ìbọn rẹ yẹn, ó lè la ọ̀nà?"

Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká kejì. Nígbà tó yá, ó bẹ́ okùn igbó ńlá kan, omi tó mọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti inú rẹ̀. Ó gbé ẹnu sí i, ó mu, ó nu ẹnu.

"Ìbọn rẹ ní omi nínú?"

Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo mu omi náà, ṣùgbọ́n tìbínú-tìbínú ni mo fi mu ún. "Ariwo ọ̀bẹ yín yìí," mo ní, "ó ti sọ fún gbogbo ẹran inú igbó pé a ti dé. Ọ̀yà wo ló máa dúró kí ẹ wá kí òun?"

"Ọ̀bẹ mi ló mú ọ dé ibi tí o dé yìí paa!"

"Ẹ dúró síbí nígbà náà. Ẹ máa gbẹ́ èkù mìíràn fún un. Èmi ń lọ pa ẹran."

Abẹ́ igi àràbà ńlá kan ni mo fi í sí. Ó pè mí padà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí mo bá ti ń bínú, etí mi kì í ṣiṣẹ́.

Mo dé ibi koríko náà, mo dúró ní ẹ̀bá odò. Mo ti rọ ẹ̀tù, mo ti kì í. Koríko mì. Ó tún mì. Ọ̀yà kan yọ orí, ó sanra, irun rẹ̀ ń dán, ó ń jẹ ìdí koríko láìbìkítà. N kò mọ ìgbà tí mo yìnbọn. Mo kàn gbọ́ gbàù ni, èéfín bo ojú mi, ìdí ìbọn gbá mi léjìká bí ẹsẹ̀ ẹṣin. Nígbà tí èéfín lọ, ọ̀yà ti ṣubú.

"Mo lù ú!" Mo ń jó. Mo di etí ìró mi mú, mo ń yí kiri níbẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, mo lù ú o! Ìyá Àgbà, ẹ ó jẹun!"

Mo sáré dé ibẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ojú rẹ̀ ń yí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta. Ó wà láàyè! Mo na ọwọ́ sí ìbàdí mi láti fa ọ̀bẹ yọ. Ìró lásán ni ọwọ́ mi bà.

Ọ̀bẹ ìdáná ìyá wa wà ní Tafo. Ọ̀bẹ ẹ̀gbọ́n mi wà lábẹ́ àràbà. Mo fi gbogbo ohùn mi pariwo: "Ọ̀bẹ! Bọ̀ọ̀dá, ọ̀bẹ! Ẹ bra o, ẹ máa bọ̀!" Mo gbọ́ tó ń dáhùn lọ́nà jíjìn, mo gbọ́ tó ń ya igbó bọ̀. Mo mú ọ̀yà náà lẹ́sẹ̀, mo ń wọ́ ọ lọ pàdé rẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ì kú, kó jọ̀ọ́ kó ní sùúrù díẹ̀. Ó ta ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, kò ta á mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ jáde láti inú igbó, ọ̀bẹ wà lókè, ẹ̀gún ti fà á lójú ya. "Bísí..." ló ti ń sọ bọ̀. Ó wo ẹran, ó wò mí, ẹnu rẹ̀ padé.

"Ó ti kú," mo ní.

Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn án láyà, ó gbọ́ títí. Ó wá rọra sọ láìwo ojú mi pé àwa méjì náà la wà níbẹ̀, pé kò sẹ́ni mìíràn tó máa mọ̀. Mo wò ó. Kò pẹ́ tó fi mi orí. "Tóò, mi ò sọ nǹkan kan," ó ní. "Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà."

Mo jókòó ti ọ̀yà náà, mo sunkún bí ọmọdé. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà tó wá sọ́kàn mi. Ẹ lọ bi ẹran. Ẹran rèé nílẹ̀, ìbọn ti bi í, kò sì dá wa lóhùn tó ṣeé mú relé.

Kí omijé mi tó gbẹ ni òjò dé. Òjò àkọ́rọ̀ tí kì í kìlọ̀! Ó dà lé wa lórí, ó wọ inú ìwo ẹ̀tù tí n kò dé dáadáa, ẹ̀tù tó kù di ẹrẹ̀ dúdú. Láti ìgbà náà lọ, igi lásán ni ìbọn bàbá wa àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òkú ọ̀yà náà kọ́ ọrùn pé ká mú un lọ fún àgbẹ̀ tó gbà wá lálejò, kìrìsìtẹ́nì ni, yóò jẹ ẹ́. Ó ní kí n gbé ìbọn wá kí òun fi ṣe ọ̀pá, ilẹ̀ ń yọ̀. Ó sì fa ọ̀bẹ yọ, ó nà án sí mi.

"Ìwọ wá máa la ọ̀nà."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo di ọ̀bẹ yẹn mú nìyẹn. Ó bá ọwọ́ mi mu bí ẹni pé ọwọ́ mi ló wọ̀n kó tó rọ ọ́. Mo bẹ́ okùn, ó já. Mo gé ewé ńláńlá, mo fi bo igi méjì tó wó lu ara wọn, a sá sábẹ́ rẹ̀, òjò sì kọjá lórí wa. Mo gbà nínú ọkàn mi pé ọ̀bẹ dára. N kò sọ ọ́ síta.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, a kò mọ ọ̀nà mọ́. Gbogbo igi ló jọ ara wọn. "Odò," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, a sì ń tẹ́tí sílẹ̀ títí a fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n odò kékeré àárọ̀ yẹn ti di nǹkan mìíràn. Ó ti kún bo ẹ̀bá rẹ̀, ó ti wọ inú koríko, omi pupa ń ru. Láàárín omi náà, òkìtì ọ̀gán kan yọ orí, kò tóbi ju ẹní ìkírun lọ.

Mo gbá ẹ̀gbọ́n mi lápá mú. Ọ̀yà kan jókòó lórí òkìtì náà, omi ti yí i ká, ó ń gbọ̀n.

Òkú ọ̀yà já bọ́ lọ́rùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó rọra wọ inú omi, ó dé e ní ìbàdí, mo tẹ̀ lé e. Ọ̀yà rí wa, ó fẹ́ fò, ẹ̀gbọ́n mi sì fò lù ú! Ó fi ìbọn dábùú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi àyà tẹ ìbọn mọ́lẹ̀. Ọ̀yà ń jà, ó fi eyín bu ìdí ìbọn jẹ, igi ń fọ́n.

"Dúńbú ẹ̀!" ló ń pariwo. "Dúńbú ẹ̀ kíá!"

"Èmi?"

"Ṣé kí èmi fi eyín ṣe é ni? Bí mo bá yọ ọwọ́ kan, ó ti lọ nìyẹn! Ìwọ ni ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀!"

Gbogbo adìẹ tí mo ti gbé lọ sí agboolé kejì kọjá lójú mi. "Gábàsì dà?" mo kígbe, nítorí kò sí oòrùn rárá, àwọsánmà bo ojú ọ̀run.

"Odò! Ibi tí odò ti ń bọ̀!"

Òótọ́ ni! Àgbẹ̀ yẹn ti sọ ọ́. Mo yí orí ọ̀yà sí ibi tí omi ti ń ya bọ̀, mo di í mú lẹ́nu, mo sì pariwo "Bísímílàhí, Aláhù Akbar" débi tí igbó fi dáhùn. Ọ̀bẹ náà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ó gbóná lọ́wọ́ mi, omi sì gbé e lọ.

Àwa méjèèjì jókòó sínú omi, a ń rẹ́rìn-ín bí wèrè. Ẹ̀gbọ́n mi ń lù mí lẹ́yìn, èmi ń lù ú. A kò rántí ìbọn tàbí ọ̀bẹ, a kò rántí iyàn kankan. Ìyá Àgbà á jẹun!

A tẹ̀ lé odò dé ẹ̀yìn ilé àgbẹ̀. A fún un ní òkúǹbete, a fi èyí tó jẹ́ tiwa hàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wo ojú eyín ọ̀yà lára ìdí ìbọn, ó wo ọ̀bẹ tó ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ní ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe àárọ̀ yẹn kò rí irú èyí. Ní ibi tí igi dábùú ọ̀nà, ṣójà yẹn rí wa, ó gbé ọwọ́ sí fìlà, ó kí mi bí ẹní kí ọ̀gá rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Tafo, ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mọ́ mi.

"Màá sọ pé èmi ni mo dúńbú ẹ̀."

"Kí ló dé?"

"O mọ ohun tó dé. Bí Ìyá Àgbà bá gbọ́ pé ìwọ ni, tó sì ti àwo sẹ́yìn ńkọ́? Ibo la tún ti fẹ́ rí òmíràn? Haba, wo bó ṣe rù."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n òótọ́ ló ń sọ. Kò sí ẹ̀tù mọ́, kò sí ọ̀yà mìíràn lórí òkìtì, ìyá arúgbó náà kò sì lókun tó máa fi dúró dè wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni ọbẹ̀ jinná. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo agboolé. A gbé Ìyá Àgbà jókòó, a fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá wa gbé àwo síwájú rẹ̀, ó ṣí i. Mo rí i tí imú rẹ̀ mì. Ó na ọwọ́, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà.

"Ta ló dúńbú ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu. Ìyá wa ń wo ilẹ̀. Mo wo ọwọ́ tínínrín yẹn tó dúró sókè, mo sì mọ̀ pé n kò lè jẹ́ kí ó fi irọ́ jẹun, ìbáà jẹ́ òkèlè àkọ́kọ́ tó máa jẹ láti ìgbà pípẹ́.

"Èmi ni, Ìyá Àgbà."

"Ìwọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá kò ṣófo. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀bẹ wà."

"Ibo lo kọ ojú ẹ̀ sí?"

"Gábàsì. Ibi tí odò ti ń bọ̀."

"O ṣe bísímílà?"

"Mo pariwo ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé ojú sókè wo ògiri níbi tí mo ti dá ìbọn padà sí, pẹ̀lú ojú eyín ọ̀yà lára ìdí rẹ̀.

"Bàbá yín àgbà gbé ìbọn yìí rin gbogbo igbó tí ọkọ̀ kò lè wọ̀," ó ní. "Ó máa ń yìn ín dáadáa. Ta lẹ rò pé ó ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ?"

Mo sún mọ́ ọn.

"Kí ló wá dé," ni mo bi í, "tí ẹ fi ń rán mi lọ sílé onílé pẹ̀lú adìẹ?"

"Nígbà tí a dé àárín èèyàn, wọ́n ní obìnrin kì í ṣe é. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi. Mo jókòó."

Ó na ọwọ́ sínú àwo, ó mú ẹran, ó fi sẹ́nu, ó di ojú, ó jẹ ẹ́. Ó tún mú òmíràn. Ìyá wa bú sẹ́kún níbẹ̀. Nígbà tó jẹun tán, tó ní ká tún bu sí i, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi mú ọ̀bẹ náà wá kí òun rí i. Ó fi àtàǹpàkò wo ẹnu rẹ̀, ó ní ó mú. Ó rọra tì í bọ àkọ̀, ó nà án, kì í ṣe sí ẹni tó rọ ọ́. Èmi ló nà án sí.